Mítílóòfù tí a fi ànàmọ́ àti wàràkàṣì bò: báwo ni kò ṣe ní máa sun omi, tí yóò sì dúró bí a bá gé e?

Àṣàkẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ mítílóòfù (ẹran lílọ̀ tí a mọ bíi búrẹ́dì, tí a sì yan) alápá mẹ́ta ni mo gbé wá síwájú yín, èyí tí ẹran lílọ̀ máa ń wà nísàlẹ̀, tí ànàmọ́ òyìnbó (pòtétò) rírún máa ń tẹ̀ lé e, tí wàràkàṣì yóò sì bo gbogbo rẹ̀ lórí. Adùn rẹ̀ kò ní àléébù, ìrísí rẹ̀ lórí àwo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Omi àti ọ̀rá máa ń yí ẹran náà ká nínú agolo, ànàmọ́ a sì máa yọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí mo bá ti ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ní ti wàràkàṣì, ó ti máa ń le gan-an kí àárín ẹran tó jinná.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: kílò kan ẹran màlúù lílọ̀, ẹyin méjì, àlùbọ́sà tútù tí mo gé wẹ́wẹ́, ẹ̀kúnwọ́ kan èérún búrẹ́dì gbígbẹ, iyọ̀ àti ata. Màá tẹ ẹran náà mọ́ inú agolo ìyanbúrẹ́dì, màá tẹ́ ànàmọ́ lé e, màá da wàràkàṣì sí i, màá sì gbé gbogbo rẹ̀ wọ inú ófùnù tó wà ní 190°C fún wákàtí kan. Ènìyàn mẹ́jọ ni mo fẹ́ fi gbà lálejò lóúnjẹ alẹ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ọmọlójú:
Ẹ jẹ́ kí ẹran kọ́kọ́ dá wọ inú iná. Ànàmọ́ ti jinná kí ẹ tó rún un, wàràkàṣì kò sì nílò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí ó tó yọ́. Ẹran nìkan ló nílò àkókò gígùn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹ bá sì kó wọn wọlé pọ̀, ti òkè yóò jóná kí ti ìsàlẹ̀ tó ṣe tán.

Màmá Ìdáná:
Òótọ́ ni Ọmọlójú sọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ omi, òun gan-an ló sì ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Àṣàkẹ́ ọmọ mi, ohun mẹ́ta ló ń fa omi yẹn. Àkọ́kọ́ ni ẹran fúnra rẹ̀. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ wà láàárín ìpín 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára jù. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá yóò kún agolo, bí ó bá sì kéré jù, ẹran yóò gbẹ hán-ún lẹ́nu. Èkejì ni àlùbọ́sà tútù, nítorí pé inú ẹran ni yóò ti máa tu omi rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dín in nínú bọ́tà díẹ̀ títí yóò fi rọ̀, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pò ó mọ́ ẹran.

Ẹ̀kẹta ni èérún búrẹ́dì gbígbẹ yẹn. Bí iná bá wọ ẹran, ṣe ni iṣan rẹ̀ máa ń sún kì, tí ó sì ń fún omi ara rẹ̀ jáde, ohun tí yóò gba omi náà dúró ni búrẹ́dì tí a ti rẹ sínú mílíìkì. Fún kílò kan ẹran, ẹ mú búrẹ́dì bíbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ yọ èèpo rẹ̀, ẹ da mílíìkì tó tó mìlílítà 120 lé e lórí, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní sí kókó kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti po ẹyin, ata, àlùbọ́sà àti ṣíbí ìmutíì méjì iyọ̀ pọ̀. Ẹran ni yóò wọlé kẹ́yìn, kí pípò rẹ̀ má bàa pẹ́. Ìka ọwọ́ tí a yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi ń pò ó, a kì í fi àtẹ́lẹwọ́ lọ̀ ọ́ pọ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, nítorí pé ẹran tí a bá pò jù máa ń le, ó sì máa ń ta padà lẹ́nu.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Ẹ fi agolo ìyanbúrẹ́dì sílẹ̀. Inú ọ̀rá ara rẹ̀ ni ẹran náà ń sè nínú agolo yẹn, kò yan rárá. Ẹ tẹ́ fóìlì sórí páànù pẹrẹsẹ, ẹ fi ọwọ́ mọ ẹran náà sórí rẹ̀ kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, kí ẹ sì tẹ orí rẹ̀ kí ó tẹ́jú, kí ànàmọ́ lè ríbi jókòó sí. Ọ̀rá yóò ṣàn lọ síbi tirẹ̀.

Ọ̀gá Ṣíbí:
Ẹ má bínú, Màmá, gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí búrẹ́dì àti àlùbọ́sà ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú yín lórí agolo. Oúnjẹ alápá mẹ́ta nílò ògiri. Bí a bá fi ọwọ́ lásán mọ ẹran, etí rẹ̀ a máa rọ̀ sísàlẹ̀, ànàmọ́ a sì ṣàn tẹ̀ lé e, pàápàá bí ó bá gbóná. Agolo tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 23, tó sì fẹ̀ ní 13, máa ń gba kílò kan ẹran dáadáa, àyè sẹ̀ǹtímítà méjì yóò sì ṣẹ́ kù lókè fún ànàmọ́.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ tẹ́ bébà ìyan sínú agolo náà, kí etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ìdìmú. Bí ẹran bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, ẹ gbé agolo náà jáde, ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ṣíbí fífẹ̀ di ẹran mú, kí ẹ sì rọra da ọ̀rá inú rẹ̀ sínú ife láti igun kan. Ẹ óò rí i pé ẹran ti sún kúrò lára ògiri agolo, ọ̀rá sì ti rí ọ̀nà gbà jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà ìnuwọ́ tẹ orí ẹran náà títí yóò fi gbẹ. Àṣàkẹ́, ọ̀rá tó wà lórí ẹran ló ń mú kí ànàmọ́ yín máa yọ̀. Ibi gbígbẹ ló ń di nǹkan mú.

Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn mẹ́jọ ni ẹ fẹ́ bọ́, ẹ lè gbàgbé agolo pátápátá. Ẹ mú àwo ìyan fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 23 sí 33, kí ẹ tẹ́ kílò kan àtààbọ̀ ẹran sínú rẹ̀. Kò ní ga ju sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀ lọ, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò sì tó o. Onígun mẹ́rin ni ẹ óò gé e sí, wàràkàṣì yóò sì kan oníkálukú.

Àjọkẹ́:
Ọ̀gá mi, èyí tí ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ gbẹ̀yìn yẹn ti kúrò ní mítílóòfù, ó ti di páì! Ṣùgbọ́n n kò ní bá yín jà, ó dùn. Ní ti jíjinná, ẹ kàn la àárín rẹ̀ wò. Bí kò bá ti pupa mọ́, ó ti jinná nìyẹn, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀.

Olùyẹ̀wò:
Wàhálà wà níbẹ̀ o, Àjọkẹ́. Àwọ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹran màlúù lílọ̀ lè di ràkọ̀ràkọ̀ kí ooru tó pa kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀, ó sì tún lè máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn tó ti jinná tán. Odindi ègé ẹran yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé ara òde rẹ̀ ni kòkòrò máa ń wà, iná sì máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Bí a bá ti lọ ẹran, ohun tó wà lóde ti dàpọ̀ mọ́ ti inú. Tẹmómítà oúnjẹ nìkan ló lè sọ òótọ́: 71°C ni àárín ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹran àgùntàn lílọ̀ gbọ́dọ̀ dé, ti adìyẹ àti tòlótòló sì jẹ́ 74°C.

Láti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti gún un, kí ẹnu tẹmómítà dé àárín ẹran gan-an. Ẹ má gún un láti òkè gba inú ànàmọ́ kọjá láìmọ ibi tí ẹ dúró sí, ẹ má sì jẹ́ kí ó kan ìdí agolo, nítorí pé iye tí yóò gbé jáde níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹran.

Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀nà Ọ̀gá Ṣíbí, ẹ gbé ẹran jáde nínú ófùnù 180°C nígbà tí àárín rẹ̀ bá dé nǹkan bí 65°C. Fún agolo kílò kan, ìyẹn a máa tó ìṣẹ́jú 45 sí 50, ṣùgbọ́n tẹmómítà ni kí ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹ má gbọ́ ti aago. Ẹ da ọ̀rá nù, ẹ tẹ́ ànàmọ́ àti wàràkàṣì sí i, kí ẹ gbé iná lọ sí 200°C, kí ẹ sì dá a padà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Àsìkò yẹn ni ẹran yóò parí jíjinná. Ẹ má gbé ẹran tó wà ní 65°C kalẹ̀ kí ẹ máa ṣe nǹkan mìíràn kiri o. Kò tíì jinná.

Àṣàkẹ́:
Mo dúpẹ́ púpọ̀, Màmá, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Àwo fífẹ̀ ni n ó lò fún àlejò, n ó sì dán ti agolo àti bébà ìyan wò nígbà tí a bá wà ní àwa nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe sí ànàmọ́? Tèmi a máa ṣàn.

Ọmọlójú:
Ẹ dín mílíìkì rẹ̀ kù, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ nínú bílẹ́ńdà kí ó lè kúnná dáadáa.

Atẹ́nujẹ:
Ọmọlójú, ẹ fi bílẹ́ńdà sílẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí! Abẹ bílẹ́ńdà máa ń fọ́ ànàmọ́ débi pé gbogbo sítáàṣì inú rẹ̀ yóò tú jáde, yóò sì lẹ̀ bí àtè. Kò sí bọ́tà tó lè tún un ṣe mọ́ lẹ́yìn náà. Ohun ìtẹ̀nàmọ́ onírin tàbí èyí tí ó ní ojú wẹ́wẹ́ bí asẹ́ ni kí ẹ fi rún un, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí ó ṣì ń gbóná.

Irú ànàmọ́ tí a rà ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Oríṣi kan wà tí ó máa ń fọ́ fúnra rẹ̀ bí ó bá jinná, tí inú rẹ̀ gbẹ bí ìyẹ̀fun, irú bíi Russet. Èyí ni ó yẹ fún rírún. Oríṣi kejì, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ara rẹ̀ sì ń dán, kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Sàláàdì ni ìyẹn wà fún. Bí a bá fi agbára rún un, yóò lẹ̀.

Ẹ gé e sí ègé tó dọ́gba, ẹ fi omi tútù oníyọ̀ gbé e kaná, kí òde rẹ̀ má bàa rọ̀ jù kí inú tó jinná. Bí ọ̀bẹ bá ti wọ inú rẹ̀ láìfipá, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dànù pátápátá, kí ẹ sì dá ìkòkò náà padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ máa mi ìkòkò náà. Ẹ óò rí i tí èéfín funfun yóò máa rú jáde, tí ara ànàmọ́ yóò sì di funfun bíi pé a bu ìyẹ̀fun wọ́n ọn. Omi tó ń mú kí tiyín máa ṣàn ló ń jáde lọ yẹn. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, tí wọ́n á sì máa dá mílíìkì lẹ́bi.

Fún ànàmọ́ tó tó gíráàmù 900, bọ́tà gíráàmù 60 ni kí ẹ kọ́kọ́ pò mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa ta mílíìkì gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó ju mìlílítà 100 lọ. Èyí tí a fẹ́ tẹ́ sórí ẹran gbọ́dọ̀ le díẹ̀ ju èyí tí a fi ṣíbí jẹ lásán lọ. Mo tún máa ń fi pupa ẹyin kan sí i nígbà tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé ẹyin náà yóò dì nínú ófùnù, yóò sì di ànàmọ́ mú nígbà tí a bá ń gé e.

Màmá Ìdáná:
Ẹyin ti wà nínú ẹran tẹ́lẹ̀, Atẹ́nujẹ. Ànàmọ́ tó gbẹ dáadáa kò nílò ẹyin, ẹyin a sì máa sọ ọ́ di nǹkan tó wúwo. Wàràkàṣì ni kí Àṣàkẹ́ pò mọ́ ọn dípò rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe, yóò sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó sì rántí pé ànàmọ́ gbọ́dọ̀ gbóná nígbà tí a bá ń tẹ́ ẹ. Bí ó bá tutù, ṣe ni yóò máa fa ooru inú ẹran, gbogbo ìṣirò Olùyẹ̀wò yóò sì yí padà. Fọ́ọ̀kì ni kí ó fi ha orí rẹ̀ kí ó rí gbágungbàgun, nítorí pé ṣóńṣó orí àwọn ibi tó yọ yẹn ló máa ń pọ́n.

Àjọkẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wàràkàṣì, torí ibẹ̀ ni mo ti lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti rin sínú àpò. Sítáàṣì tàbí lẹ́búlẹ́bú mìíràn ni wọ́n fi pa á lára kí ó má bàa dì mọ́ra, ohun náà ni kì í sì í jẹ́ kí ó yọ́ dán-án. Ẹ ra odidi, kí ẹ rin ín fúnra yín nígbà tí ó ṣì tutù láti inú fíríìjì. Gíráàmù 200 tó fún kílò kan ẹran. Mozzarella nìkan ni mo máa ń lò, nítorí pé òun ló máa ń fà gùn bí a bá gbé ṣíbí sókè.

Ọ̀gá Ṣíbí:
Mozzarella máa ń fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ládùn, ẹran àti ànàmọ́ yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Cheddar ni ó yẹ kí ó pọ̀ jù, ìlọ́po méjì mozzarella. Àmọ́ ẹ má mú cheddar tó ti pẹ́ jù. Èyí tó gbó gan-an máa ń tu òróró sílẹ̀ bí iná bá mú un, ohun tó bá ṣẹ́ kù a sì di kókó. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo rẹ̀ sínú ànàmọ́ gẹ́gẹ́ bí Màmá ti wí, kí ẹ fi ìyókù bo orí. Bí ó bá wù yín kí ó pọ́n sí i, ẹ tan iná òkè ófùnù fún ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n ẹ má kúrò níwájú rẹ̀, nítorí pé láàárín kí ènìyàn bojú wẹ̀yìn ló máa ń dúdú.

Àṣàkẹ́:
Ìbéèrè tó kù nìyí: ṣé mo lè ṣe é kalẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú? Kí n pò ó mọ́ra ní tútù ni, àbí kí n yan ẹran tán?

Màmá Ìdáná:
Pò ó, kí o tẹ̀ ẹ́ sínú àwo, kí o bò ó, kí o sì gbé e sí fíríìjì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe é.

Olùyẹ̀wò:
Màmá, ó ṣeé ṣe, kò sì léwu tó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó bá sùn mọ́ ẹran lílọ̀ a máa yí i padà. Iyọ̀ máa ń yọ́ díẹ̀ lára èròjà inú iṣan ẹran, yóò sì so mọ́ra pinpin bíi ti sọ́séèjì. Àwọn kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀yin kò bá fẹ́, ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, tàbí kí ẹ yan ẹran náà tán ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Ọ̀nà kejì yìí ni èmi yóò gbà yín nímọ̀ràn lé lórí, nítorí pé àlejò ń bọ̀. Ẹ yan ẹran dé 71°C, ẹ da ọ̀rá rẹ̀ nù, ẹ tẹ́ ànàmọ́ lé e, kí ẹ sì gbé e sí fíríìjì tó wà ní 4°C tàbí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wákàtí méjì tó pé lẹ́yìn tí ó kúrò nínú iná. Ẹ má tíì fi wàràkàṣì sí i. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi fóìlì bò ó, kí ẹ gbé e sínú ófùnù 180°C títí àárín rẹ̀ yóò fi dé 74°C. Ó lè gbà tó wákàtí kan fún ti agolo, ti àwo fífẹ̀ yóò yá ju ìyẹn lọ. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ óò ṣí fóìlì, tí ẹ óò sì da wàràkàṣì sí i. Bí àwo yín bá jẹ́ ti gíláàsì, ẹ má gbé e tààrà láti inú fíríìjì wọ inú ófùnù gbígbóná, ó lè là. Ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀ ní àsìkò tí ófùnù bá ń gbóná.

Atẹ́nujẹ:
Kò sẹ́ni tó tíì sọ ti ìsinmi rẹ̀. Ẹ má gé e bí ó bá ti jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí ó fi jókòó, kí omi inú ẹran lè padà sáyè rẹ̀, kí ànàmọ́ sì lè dì díẹ̀. Ọ̀bẹ eléyín bíi ti búrẹ́dì ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa nu ọ̀bẹ náà lẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé wàràkàṣì tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ló máa ń fa ànàmọ́ ègé tó tẹ̀ lé e ya.

Àjọkẹ́:
Bí ó bá ṣẹ́ kù, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni yóò lò nínú fíríìjì. Ní tútù ni kí ẹ gé e, torí ìgbà yẹn ni ó máa ń gé dáadáa jù. Ẹ to ègé náà sínú àwo, ẹ wọ́n omi ṣíbí kan sí ìdí rẹ̀, ẹ fi fóìlì tí ẹ ti fi bọ́tà pa nínú bò ó kí wàràkàṣì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé e sínú ófùnù 160°C títí yóò fi gbóná dénú. Màkíróweefù yóò yá jù, àmọ́ wàràkàṣì yóò le bí ó bá tún tutù, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lò ó ni kí ó tètè jẹun.